Ayafọ́tò Ìlú Braddock

Láàrin àwọn Yorùbá, fọ́tò yíyà kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi wàdùwàdù ṣe. Ẹni tí ó fẹ́ ya fọ́tò yóò kọ́kọ́ wẹ̀, yóò sì gbé aṣọ tí ó dára jù lọ nínú àpótí rẹ̀ wọ̀. Obìnrin yóò wé gèlè, yóò sì fi ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Ọkùnrin yóò dé fìlà. Bí ó bá jẹ́ àgbàlagbà, yóò jókòó ṣinṣin lórí àga, yóò ya ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì díẹ̀ kí agbádá lè tẹ́ dáadáa, yóò gbé ọwọ́ lé orúnkún, yóò sì kọjú sí ẹ̀rọ láìrẹ́rìn-ín. Ọ̀gbẹ́ni Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan tí ó wá wo iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò ní ilẹ̀ Yorùbá, kọ̀wé nípa irú ìjókòó yìí ní ọdún 1978, ó sì rí i pé ipò àti iyì ẹni tí ó jókòó ni ó ń fi hàn. Ẹni tí a yà ni ó ránṣẹ́ pe ayafọ́tò. Òun náà ni ó sì sanwó. Nígbà tí fọ́tò bá jáde, a ó fi gíláàsì bò ó, a ó sì gbé e kọ́ sí ara ògiri pálọ̀, níbi tí àlejò yóò ti máa rí i. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, òun ni àwọn ọmọ yóò gbé kiri ìlú níbi ìsìnkú. Kò sí ohun kan nínú irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ni ín kò mọ̀ sí.

Irú fọ́tò mìíràn wà tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí a yà kò ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni, kò wẹ̀, kò pààrọ̀ aṣọ. Ayafọ́tò ni ó ti ọ̀nà jíjìn wá bá a lẹ́nu iṣẹ́, tàbí ní ẹnu ọ̀nà ilé tí ó ti ń wó, tí ó yà á bí ó ti bá a, tí ó sì bá tirẹ̀ lọ. Fọ́tò náà yóò jáde nínú ìwé ìròyìn, a ó pàtẹ rẹ̀ ní ilé ìpàtẹ àwòrán ní ìlú ńlá, àwọn ọ̀mọ̀wé yóò sọ̀rọ̀ lé e lórí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ojú rẹ̀ wà nínú rẹ̀ lè má fi ojú kàn án títí ayé rẹ̀ yóò fi pin. Èrò ayafọ́tò lè dára. Ó lè jẹ́ pé ó fẹ́ kí ìjọba àti àwọn olówó rí ìyà tí ń jẹ àwọn ènìyàn tí ilé-iṣẹ́ ńlá lò tán tí ó sì gbàgbé. Síbẹ̀, ìbéèrè kan kò kúrò nílẹ̀: ta ni ó ni fọ́tò náà? Ẹni tí ó yà á ni, tàbí ẹni tí a yà?

Ìlú kan wà ní Amẹ́ríkà tí ìbéèrè yìí ti hàn gbangba. Braddock ni orúkọ rẹ̀. Ó wà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ní etí odò Monongahela, kò sì jìnnà sí ìlú ńlá Pittsburgh. Ní ọdún 1875, Andrew Carnegie, ọmọ ahunṣọ kan láti ilẹ̀ Scotland tí ó bá àwọn òbí rẹ̀ dé Amẹ́ríkà ní 1848, ṣí ilé-iṣẹ́ irin sí ìlú náà. Ó sọ ilé-iṣẹ́ yìí ní Edgar Thomson, orúkọ ẹni tí í ṣe olórí ilé-iṣẹ́ rélùwéè ńlá ti Pennsylvania. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọgbọ́n ọjà yóò rẹ́rìn-ín sí èyí, nítorí irin tí ọkọ̀ rélùwéè ń gùn ni Carnegie fẹ́ máa rọ, kò sì sí oníbàárà tí ó tóbi tó ẹni tí ó fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ náà.

Iléru ibẹ̀ kì í kú tọ̀sán tòru. Àwọn ènìyàn rọ́ wá bí oyin: àwọn ará Ireland, àwọn ará Ítálì, àwọn ọmọ Slovak àti Hungary, àti àwọn ènìyàn dúdú tí àwọn òbí wọn àgbà ti ṣe ẹrú ní oko òwú ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Àwọn ènìyàn dúdú yìí, gẹ́gẹ́ bí ìṣe ayé ìgbà náà, ni a sábà máa ń fi sí ibi tí ooru ti mú jù, tí eruku sì ti pọ̀ jù. Ní 1889, Carnegie kọ́ ilé ìkàwé kan sí Braddock, èyí tí í ṣe àkọ́kọ́ nínú gbogbo ilé ìkàwé tí ó kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ó ṣe balùwẹ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kí àwọn òṣìṣẹ́ lè fọ èédú kúrò lára. Ní 1901 ó ta gbogbo ilé-iṣẹ́ irin rẹ̀, ilé-iṣẹ́ Braddock sì bọ́ sí ọwọ́ ẹgbẹ́ United States Steel. Nígbà tí a ka ènìyàn ní 1920, àwọn tí ń gbé inú ìlú kékeré yìí lé ní 20,000. Ọjà kún, ṣọ́ọ̀ṣì kún, ilé ijó kún.

Lẹ́yìn ọdún 1970 ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Irin tí ó wá láti ilẹ̀ òkèèrè kò wọ́n tó ti Amẹ́ríkà. Àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ kò lè bá àwọn tuntun díje. Ibi tí a sì ti ra ẹ̀rọ tuntun, ẹ̀rọ kan ń ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ irin ńlá tí ó wà ní Homestead, ní ìsàlẹ̀ odò kan náà, ti ilẹ̀kùn ní 1986. Ti Braddock kò tì. Títí di òní olónìí ni èéfín rẹ̀ ń rú, tí irin sì ń jáde níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá takókó ni èyí. Ilé-iṣẹ́ kò kúrò nílùú. Àwọn ará ìlú ni kò wúlò fún un mọ́. Àwọn òyìnbó tí wọ́n rí owó yá ní báńkì ti kó lọ sí àwọn ìlú tuntun lẹ́yìn òkè, níbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́. Báńkì kò fẹ́ yá ènìyàn dúdú lówó, àwọn onílé ní ọ̀hún kò sì fẹ́ tàlùmọ̀ọ́kọ́ tà fún wọn, nítorí náà ẹni tí kò rí ibi lọ ni ó dúró. Ní 1988 ìjọba ìpínlẹ̀ Pennsylvania kéde pé àpò ìlú Braddock ti gbẹ. Nínú ìkànìyàn ọdún 2020, àwọn tí ó kù níbẹ̀ kò tó 2,000.

Kì í ṣe pé ayafọ́tò kò dé agbègbè náà rí. Lewis Hine wá ya àwọn òṣìṣẹ́ irin àti ìdílé wọn ní àyíká Pittsburgh ní nǹkan bí 1908, nígbà tí àwọn olùwádìí fẹ́ mọ bí iṣẹ́ irin ti ń lo ọmọ ènìyàn. Hine yìí kan náà ni fọ́tò rẹ̀ ran àwọn tí ń jà láti gba ọmọdé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ilé ẹ̀rọ lọ́wọ́, a kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé oore rẹ̀. Ní 1955, W. Eugene Smith dé Pittsburgh láti ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láti ya nǹkan bí 100 fọ́tò fún ìwé ìtàn ìlú kan. Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pẹ́ ju ọdún kan lọ lórí rẹ̀, tí fọ́tò tí ó yà sì lé ní 10,000. Àwọn méjèèjì mọ iṣẹ́ wọn dé góńgó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, kò fi í ríran. Ẹni tí ó bá wá sí ìlú irin, iná iléru ni yóò kọ́kọ́ gbà á lójú, lẹ́yìn náà òṣìṣẹ́ tí òógùn bò. Ìyá àgbà tí ó wà nínú yàrá, tí ń tọ́jú ọkùnrin arúgbó tí iléru ti ba eegun rẹ̀ jẹ́, kò sí lójú ọ̀nà tí àlejò ń gbà.

Ewu tí ó wà nínú irú iṣẹ́ yìí lè tóbi ju kí àlejò má ríran lọ. Ní àwọn òkè Kentucky, níbi tí díẹ̀ nínú èédú tí ń dáná iléru irin ti ń wá, ẹ̀rọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn awakùsà lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ìṣẹ́ sì bá ọ̀pọ̀ ìdílé. Nígbà tí Ààrẹ Lyndon Johnson kéde ní 1964 pé ìjọba yóò bá òṣì jagun, àwọn oníròyìn àti ayafọ́tò ya bo àwọn òkè náà. Gbogbo Amẹ́ríkà rí ọmọ tí kò wọ bàtà, wọ́n rí ilé onípákó tí ó ti fẹ́ wó. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi di ẹ̀sín fún àwọn ará ibẹ̀, nítorí ẹni tí ó ní ilé dáradára àti ẹni tí kò ní, orúkọ kan náà ni a fi ń pe gbogbo wọn. Ní oṣù September 1967, Hugh O'Connor, ọmọ ilẹ̀ Kánádà kan tí ń ṣe fíìmù, dúró níwájú ilé kan ní abúlé Jeremiah. Ó ń ya awakùsà kan tí eruku èédú ṣì wà lójú rẹ̀, tí ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti tọrọ àyè lọ́wọ́ awakùsà náà, ọkùnrin yìí sì ti gbà fún un. Onílé tí awakùsà háyà ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó sáré dé pẹ̀lú ìbọn, tí ó lé wọn kúrò lórí ilẹ̀ rẹ̀. Bí wọ́n sì ti ń kó ẹrù wọn lọ, ó yìnbọn, O'Connor sì kú.

Ìgbìmọ̀ tí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà kò fi ohùn ṣọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni apànìyàn jẹ́wọ́ ẹ̀bi tí kò tó ìpànìyàn gan-an, ó sì lo ọdún kan péré lẹ́wọ̀n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní agbègbè náà ni ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Yorùbá a máa wí pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ikú ara ẹni ni òwe náà ń sọ, kì í ṣe ikú ẹlòmíràn. Kò sí ohun tí a lè fi gbe onílé náà. Ohun tí ó yẹ kí a fi ọkàn sí ni pé awakùsà tí a ń yà kò bínú. Ẹni tí ó bínú ni ẹni tí ó ní ilé, tí ó ń gba owó háyà, tí kò fẹ́ kí ayé rí irú ilé tí ó ń fi ènìyàn sí. Ojútì kì í fìgbà gbogbo wà lọ́dọ̀ ẹni tí ó tálákà.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Chris Killip, tí a bí ní erékùṣù Man ní 1946, gba ọ̀nà mìíràn. Ní Lynemouth, ní etí òkun ìhà àríwá ìlà-oòrùn, àwọn awakùsà a máa da pàǹtí kòtò èédú sínú òkun, omi a sì máa gbé èédú tí ó wà nínú pàǹtí náà padà wá sí èbúté. Àwọn tí kò níṣẹ́ a máa fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin wọ inú omi lọ kó o, wọn a sì tà á. Killip rí wọn ní 1976, ó sì fẹ́ yà wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n lé e, nítorí wọ́n rò pé amí ìjọba ni. Ó padà lọ, wọ́n tún lé e. Ó di 1982 kí ẹnìkan láàrin wọn tó rántí pé òun ti rí i rí ní ọjà ẹṣin ní Appleby, tí ó sì bá a dúró. Killip ra ilé kékeré onítáyà kan, ó gbé e lọ sí àárín wọn, ó sì ń bá wọn gbé. Ní abúlé àwọn apẹja kan tí ń jẹ́ Skinningrove, nígbà tí òkun gbé àwọn ọ̀dọ́ tí ó ti yà lọ, ó kó fọ́tò jọ sínú ìwé kan fún ìyá ọ̀kan nínú wọn. Ìwé rẹ̀ tí ó lókìkí, In Flagrante, jáde ní 1988. Ọdún mẹ́fà ni ó fi dúró kí wọ́n tó gbà á láàyè ní Lynemouth, èyí sì hàn nínú ojú àwọn tí ó wà nínú fọ́tò náà: wọn kò wò ó bí àlejò mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ní láti dúró kí ẹnikẹ́ni gbà á láàyè, nítorí ilé rẹ̀ ni. LaToya Ruby Frazier ni orúkọ rẹ̀. Ní Braddock ni a ti bí i ní 1982. Kò ì tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ìyá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ àgbà. Ó ń ya wọ́n lọ bẹ́ẹ̀ fún ọdún tí ó lé ní mẹ́wàá, fọ́tò dúdú àti funfun ni gbogbo rẹ̀, kí ó tó kó wọn jọ sínú ìwé kan tí ó jáde ní 2014, The Notion of Family. Obìnrin mẹ́ta ni ó wà nínú ìwé náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì mọ Braddock tirẹ̀. Ìyá àgbà, tí a bí ní 1925, dàgbà nígbà tí ìlú kún fún owó àti ariwo. Ìyá bá ìlú nígbà tí àwọn aláwọ̀ funfun ń kó ẹrù lọ, tí ṣọ́ọ̀bù sì ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ni ó bá ahoro, àti oògùn olóró tí ó gba ìgboro kan ní ọdún 1980 sí 1990. Ìran mẹ́ta, ìlú kan ṣoṣo, bí ẹni pé ìlú mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Nínú fọ́tò kan tí ó yà ní 2005, òun àti ìyá rẹ̀ àgbà jókòó sí ilẹ̀ pálọ̀, ọmọlangidi tí ìyá àgbà ti kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ sì wà yí wọn ká. Àwọn méjèèjì yíjú, wọ́n wo ẹ̀rọ. Kò sí iléru nínú fọ́tò náà, kò sí òṣìṣẹ́ irin, kò sí ògiri tí ó wó. Ohun tí a rí ni obìnrin arúgbó kan tí ó pinnu pé ilé òun yóò wà létòlétò, ohunkóhun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìta, àti ọmọ-ọmọ tí ó tọ́ dàgbà. Ẹni tí ó bá ti wọ pálọ̀ ìyá àgbà kan rí ní Ìbàdàn tàbí ní Abẹ́òkúta, tí ó ti rí àwo tí a tò sí orí tábìlì tí ẹnikẹ́ni kì í fi jẹun, yóò mọ ohun tí ọmọlangidi wọ̀nyí wà fún. Ìyá àgbà yìí kú ní 2009, lẹ́yìn tí àrùn jẹjẹrẹ ti mú un.

Ìyá Frazier kò fara mọ́ kí a kàn máa ya òun ṣáá. Ó ń sọ bí òun yóò ti jókòó, ó ń sọ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti wá, nígbà mìíràn ó ń gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ń ya òun náà. Àkọlé fọ́tò kan ti ọdún 2008 sọ ọ́ gbangba pé ìyá ni ó ń ya ọmọ. Nínú òmíràn ti ọdún kan náà, ojú ìyá wà níwájú, a rí i láti ẹ̀gbẹ́, ó sì bo ìdajì ojú ọmọ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ó kọjú sí wa. Ènìyàn lè wò ó pẹ́ kí ó tó mọ ibi tí ojú ọ̀kan ti parí tí ti èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Frazier kò pe ìyá rẹ̀ ní ẹni tí òun yà. Ó pè é ní ẹni tí àwọn jọ ṣe iṣẹ́ náà. Ìdáhùn kan nìyẹn sí ìbéèrè wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ayafọ́tò ni ó lè rí irú rẹ̀ fi ṣe ìdáhùn.

Àìsàn kò jìnnà sí inú ìwé náà. Èéfín ilé-iṣẹ́ irin ń rọ̀ lé ìlú náà lórí láti ọdún 1875; Frazier fúnra rẹ̀ ní àrùn lupus, èyí tí ó máa ń mú kí ara ènìyàn dojú ìjà kọ ara rẹ̀, jẹjẹrẹ sì ti bá ìyá rẹ̀ jà. Ó gbà pé afẹ́fẹ́ tí àwọn ń mí wà lára ohun tí ó fà á. Kò rọrùn fún oníṣègùn láti nàka sí èéfín kan pé òun ni ó fa àìsàn kan lára ẹnìkan; ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní kí a má sọ̀rọ̀ èéfín rárá ní Braddock kò sọ òótọ́.

Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn dun ìlú náà tó bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn Braddock ni ó gba òṣìṣẹ́ tí ó pọ̀ jù nínú ìlú nígbà náà. Ibẹ̀ ni àwọn arúgbó ń lọ láti gba oògùn, ibẹ̀ náà ni àwọn ènìyàn ti ń jẹun, tí wọ́n sì ti ń bá ara wọn ṣeré, nítorí ilé oúnjẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígboro. Ní òpin oṣù January 2010, ẹgbẹ́ tí ó ni í tì í pa. Àwọn ará ìlú wọ́de, wọ́n gbé pátákó, wọ́n kígbe. Frazier wà láàrin wọn, ó ń yà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni katakata dé tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé náà. Fọ́tò méjì ni Frazier gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn ní 2011. Nínú ọ̀kan, ìyá rẹ̀ kẹ̀yìn sí wa, ó jókòó nínú aṣọ ilé ìwòsàn tí ó ṣí lẹ́yìn, wáyà àyẹ̀wò sì ń ti orí rẹ̀ rọ̀ sí ẹ̀yìn. Nínú èkejì, ilé ìwòsàn náà ni, ó ti ya sí méjì, wáyà sì ń ti inú rẹ̀ rọ̀ jáde bí ìfun. Kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sáàárín wọn. Kò sí ìdí tí ìbá fi kọ ọ́.

Ní ọdún 2010 yìí kan náà ni àwọn ayafọ́tò mìíràn dé. Ilé-iṣẹ́ Levi's, tí ń ṣe ṣòkòtò jíǹsì, wá ya fọ́tò àti fíìmù ìpolówó ọjà ní Braddock. Nínú ìpolówó yìí, ilé tí ó ṣófo kì í ṣe àmì ìyà mọ́. Ó di ilẹ̀ tuntun tí akíkanjú ọ̀dọ́ lè wá tẹ̀ dó. A gbé àwọn àwòrán náà kọ́ sí ojú títì ní àwọn ìlú ńlá. Kí a má purọ́, Levi's san owó fún ìlú náà, a sì fi owó ọ̀hún tún ilé tí àwọn ará ìlú ti ń péjọ ṣe. Olórí ìlú ìgbà náà dúpẹ́, àwọn kan nínú àwọn ará ìlú sì dùn pé ojú àwọn wà ní pátákó ńlá. Ìlú tí àpò rẹ̀ gbẹ kì í kọ owó. Ṣùgbọ́n Frazier bi ara rẹ̀ léèrè bí ilẹ̀ yóò ti jẹ́ tuntun nígbà tí ìyá òun àgbà ti gbé orí rẹ̀ fún ọgọ́rin ọdún. Ó mú àwòrán ìpolówó wọ̀nyí, ó fi fọ́tò ìwọ́de ilé ìwòsàn sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ó tún lọ sí New York, síwájú ibi tí ilé-iṣẹ́ náà ti ṣí yàrá fọ́tò fún àwọn oníbàárà, ó wọ aṣọ jíǹsì, ó sì ń fi ara wọ́ ilẹ̀ lórí òkúta títì títí aṣọ náà fi ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ. Àwọn tí ń kọjá dúró wò ó. Àwọn kan lè rò pé orí rẹ̀ ti yí.

Àwọn ènìyàn pàtàkì gbé orí fún iṣẹ́ rẹ̀. Ní 2015 ó gba ẹ̀bùn MacArthur, tí í ṣe ọ̀kan nínú ẹ̀bùn tí ó níyì jù lọ ní Amẹ́ríkà; ní 2024, ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà ìgbàlódé ti New York kó iṣẹ́ rẹ̀ jọ fún gbogbo ènìyàn láti wò. Ṣùgbọ́n ilé ìwòsàn Braddock kò padà. Fọ́tò kò lè dá katakata dúró, ẹni tí ó bá sì sọ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ ń tan àwọn aláìní jẹ ni. Ohun tí àwọn fọ́tò Frazier ṣe ni pé wọ́n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kọ ìtàn ìlú irin yìí kí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Carnegie, kí ó sì parí rẹ̀ sí ọ̀dọ̀ Carnegie, kí ó wá dàbí ẹni pé àwọn ènìyàn dúdú kò gbé ibẹ̀ rí. Ó ti máa ń ráhùn pé bẹ́ẹ̀ ni a ṣe kọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ibìkan wà tí ọwọ́ fọ́tò tẹ ohun tí ó ju èyí lọ. Flint, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ni a ti dá ilé-iṣẹ́ mọ́tò General Motors sílẹ̀ ní 1908. Òun náà jẹ́ ìlú tí iṣẹ́ ti fi sílẹ̀. Ní 2014, láti dín owó ìnáwó kù, àwọn aláṣẹ yí omi ẹ̀rọ ìlú náà sí omi odò Flint. Wọn kò tọ́jú omi náà bí ó ti yẹ, ó sì ń jẹ òjé inú páìpù, tí àwọn ènìyàn sì ń mu ún pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Frazier lọ síbẹ̀ ní 2016. Kò dúró síwájú ilé ìjọba láti ya ìgò omi. Ó lọ bá ìdílé kan gbé fún oṣù márùn-ún, ìyá àgbà, ìyá àti ọmọbìnrin kékeré, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe nílé ara rẹ̀. Nígbà tí àwọn fọ́tò náà ti jáde nínú ìwé ìròyìn, tí a sì ti pàtẹ wọn, ó fi owó tí ó rí níbẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ mìíràn, gbé ẹ̀rọ ńlá kan wá sí Flint ní 2019, èyí tí ó ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Wọ́n gbé e sí àdúgbò tí ìyà omi ti jẹ jù, àwọn ará ibẹ̀ sì ń mú kẹ́ẹ̀gì àti ìgò wá, wọ́n ń tò sí ìdí ẹnu ẹ̀rọ, wọ́n ń pọn omi lọ́fẹ̀ẹ́.